Ògiri Amọ̀ Ìba Ń Retí Òjò

Bí a bá fún Mákindé ní àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa mì kí ìdí rẹ̀ tó balẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé nínú oorun pàápàá, ọkọ òun ń rìn. Bóyá iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bóyá bó ti rí bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ó yan iṣẹ́ náà, òun alára kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ àgbà ni ní ẹ̀ka ìdàgbàsókè ìlú lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ọ̀jọ́, Òkókómáíkò àti Ìba sì wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe bíríkìlà, kì í ṣe dókítà, síbẹ̀ òun ló ń wá kànga, ilé ìwé àti ilé ìgbẹ̀bí fún àwọn ará àdúgbò. Ẹnu rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Á gun alùpùpù gba inú yanrìn, níbi tí katapílà ti ń hú ilẹ̀ fún ọ̀nà Àgbádárìgì tuntun, á lọ jókòó ti àwọn àgbà, á ní: "Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná. Bí ògiri yín bá ti dé àtẹ́rígbà, ìjọba á gbé páànù àti pákó wá."

Àdéhùn ìjọba ni, kò sì purọ́ mọ́ ọn. Àwọn ará Ìba gbà á gbọ́.

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú bí àgbàrá. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gba àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì, rédíò tuntun ń ké lójúlé gbogbo, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì sì tò lọ rẹrẹ ní Àpápá bí èrò tí ń dúró de oúnjẹ sàárà. Síbẹ̀, ojú lásán ni wọ́n fi ń rí sìmẹ́ǹtì ní Ìba. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé ìgbẹ̀bí tiwọn. Agbo-ilé kọ̀ọ̀kan mú ògiri kan. Àwọn ọkùnrin ń po amọ̀, àwọn obìnrin ń ru omi láti odò. Nígbà tí ọyẹ́ fi ká, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dé àtẹ́rígbà. Ó ku òrùlé. Ẹni tó bá sì ti gbé ilé alámọ̀ rí mọ̀ pé òjò ńlá bíi mélòó kan ti tó láti sọ ògiri tí kò lórùlé di ẹrẹ̀ padà. Títí di ìgbà yẹn, obìnrin Ìba tó bá ń rọbí, ẹ̀yìn ọkọ̀ akóyanrìn tó bá ń kọjá ni wọ́n ń gbé e sí lọ wá agbẹ̀bí lọ́nà jíjìn. Mákindé ti bá wọn sin ọ̀kan tí kò débẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ọ̀gá Adélékè, olórí ẹ̀ka wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, pè é wọlé.

"Mákindé, owó ti wọlé. Òkókómáíkò la ó fún. Kọ́ńtírátọ̀ ni yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tiwọn, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé."

"Òkókómáíkò ò tíì fi àdá kan koríko, sà."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ò bá sí nǹkan kan rárá nìjọba fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwọn Ìba ti gbìyànjú. Wọ́n á fara dà á di ọdún tó ń bọ̀."

"Òjò ò ní fara dà á, sà."

Ọ̀gá Adélékè rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yóò jọ lọ yẹ àgbègbè náà wò ní Ọjọ́bọ̀, kí Mákindé fọkàn balẹ̀. Mákindé jáde, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ẹni tó káwọ́ gbera ló jèrè, ẹni tó gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ ló pàdánù.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé Ìba. Awakọ̀ típà kan ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí Mákindé dé lọ́jọ́ kejì, ó bá àwọn ọkùnrin níwájú ilé ìgbẹ̀bí pẹ̀lú díígà àti ọmọ odó. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó rò pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ó kí wọn, Bàbá Bùràímọ̀ tó jẹ́ olórí àwọn tó ń mọlé tẹjú mọ́ díígà ọwọ́ rẹ̀. Sùlè, ẹlẹ́fẹ̀ wọn, ló dá a lóhùn.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ wá bá wa ti ògiri yìí ṣubú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀," ni Bùràímọ̀ wí. "A gbọ́ pé ẹni tí ò ní nǹkan kan ni wọ́n ń fún. Bí wọ́n bá dé, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n á bá níbí. Àwa náà ò ní ní nǹkan kan."

Mákindé sáré bọ́ sáàárín wọn àti ògiri. "Bàbá, wọ́n ti yan Òkókómáíkò. Bí ẹ bá wó o, ẹ ó kàn pàdánù ògiri yín lásán ni."

"Ṣé ẹ lè búra pé bí a ò bá wó o, páànù á dé ṣáájú òjò?"

"Mi ò lè búra."

"Nígbà tẹ́ ẹ ní ká bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò wọ́n yín báyìí," ni Sùlè wí.

Bùràímọ̀ gbé díígà sókè. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró, olórí àwọn obìnrin, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un nínú agbo-ilé, ti bá a.

"Bùràímọ̀, ògiri ta lo fẹ́ wó?"

"Ti agbo-ilé wa ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ni mo fi mọ ọ́n."

"Amọ̀ gbígbẹ lo fi mọ ọ́n ni? Omi tá a fi orí rù ńkọ́? Kọ́kọ́ yọ omi wa fún wa, kó o tó wó tìẹ."

"Omi yẹn ti gbẹ, Ìyá," ni Sùlè wí.

Àwẹ̀ró ṣí ìborí rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó fi ibi tí òṣùká ti jẹ irun àtàrí rẹ̀ hàn wọ́n. "Èyí náà gbẹ. Inú ògiri yẹn ló wà. Bá mi wá a, Sùlè."

Ẹ̀rín sọ àwọn ọkùnrin náà dẹ̀. Bùràímọ̀ gbé díígà sílẹ̀, ó béèrè pé kí ni wọ́n wá fẹ́ ṣe sí òjò. Àwẹ̀ró ní imọ̀ ògùrọ̀ kún inú àbàtà, kí wọ́n lọ gé e, kí wọ́n hun ún, kí wọ́n fi bo ilé náà. "Ilé tí wọ́n bí gbogbo yín sí, páànù ló wà lórí ẹ̀?"

Ó yẹ kí Mákindé mí kanlẹ̀. Kò lè ṣe é. Ohun kan wà tó mọ̀ tí wọn kò mọ̀: ìjọba kì í fún ilé tó bá ti lórùlé ní páànù. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á bo ilé, ògiri á sì bọ́ lọ́wọ́ òjò. Bí ó bá sọ̀rọ̀, díígà lè tún gbéra. Ó rìn dé ìdí alùpùpù rẹ̀, ó padà.

"Bí ẹ bá fi imọ̀ bò ó," ni ó wí, "wọ́n á kà á sí ilé tó ti parí. Páànù yín lè má dé mọ́ láéláé."

Bùràímọ̀ wò ó títí. "Ẹ ò bá ti fi èyí pa mọ́ fún wa."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ta ló ń bímọ sábẹ́ páànù tó ń bọ̀?" ni Àwẹ̀ró wí. Ó ti ń kó àwọn obìnrin lọ sí ọ̀nà àbàtà. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Láńdróbà ìjọba dé, wọ́n ti bo òrùlé kọjá ìdajì. Òjò ti ṣú bọ̀ láti ìhà òkun. Ọ̀gá Adélékè sọ̀ kalẹ̀, ó yí ilé náà po, ó fi ìka kan ògiri, ó sì fa Mákindé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an. Mo lè fi orúkọ wọn ṣíwájú lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bò ó tán, ọwọ́ mi ò ní ká a mọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n ṣí èyí tí wọ́n ti bò."

Mákindé wo ojú ọ̀run, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn, sà."

Ọ̀gá Adélékè kò bínú. Ó tilẹ̀ gbé ojú sókè bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́.

"Ẹ kú àbọ̀ o, ọ̀gá wa," ni Sùlè ké láti orí igi òrùlé. "Ẹ rọra dúró, kí imọ̀ má bọ́ lu fìlà yín."

Àwẹ̀ró gbé omi tútù wá. Ọ̀gá Adélékè mu ún, ó wo òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dá ife padà. "Ẹ ṣé, Ìyá." Ó wọ ọkọ̀. "Mákindé, Òkókómáíkò ló kàn."

"Mo ń bọ̀ lẹ́yìn, sà."

Ọkọ̀ náà lọ. Mákindé dúró.

"Kí ni ọ̀gá yín wí?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, Ìyá."

Àwẹ̀ró wò ó bí a ti ń wo ọmọ tó fi ẹnu tó ń dán fún ọ̀rá sọ pé òun kò rí ẹran. Atẹ́gùn ti dé, ó ń fẹ́ etí imọ̀ sókè níbi tí wọn kò tíì so. Mákindé bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé ìdì imọ̀ kan lé èjìká, ó sì gun àkàsọ̀ lọ bá wọn.

"Ẹ mú okùn, ọ̀gá," ni Bùràímọ̀ wí. "Ẹ so ó dáadáa."