Ọjọ́ Tí Mo Yadi Lọ sí Ìdánwò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹnu mi ni gbogbo agboolé wa fi mọ̀ mí. Bí a bá ń ṣe súwé, tí ọmọ kan bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìlà tó sì sọ pé òun kò tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo máa ń sọ ara mi di adájọ́. N óò ro ẹjọ́ náà títí wọn yóò fi pè wá jẹun, súwé yóò sì ti bàjẹ́. Ní ilé kéú, ààfáà wa kì í nà mí nítorí pé n kò mọ súrà. Ó ń nà mí nítorí pé mo ń bá a jiyàn. Mo fi ìka gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé kéú yẹn débi pé mo mọ gbogbo ibi tó ti sán. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò parọ́.

Ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ mi. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń ta mílíìkì alágolo, ṣúgà àti bisikíìtì ní Òkè Àrin, bí mo bá sì ti dé láti ilé-ìwé, èmi ni mo máa ń nu eruku ara agolo, tí n óò tò wọ́n kalẹ̀. Òórùn páálí bisikíìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ṣì wà nímú mi di òní. Bí oníbàárà bá ní mílíìkì wa ti pẹ́ nílẹ̀, kí Ìyá Àgbà tó yanu, mo ti dá a lóhùn, oníbàárà á sì gba ìsọ̀ kejì lọ. Ìyá Àgbà á mí kanlẹ̀, á ní, "Sìkírá, ìwé ni kí o lọ kà. Ẹnu rẹ ti pọ̀ ju ìsọ̀ yìí lọ."

Mo kàwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì, ẹnu mi ni kò jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Ní Obalende ni mo ti fẹ́ wọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìkòyí tí a ti fẹ́ ṣe é. Ọkùnrin kan tẹ bàtà funfun mi mọ́lẹ̀, kò sì bẹ̀ mí. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú, mo ní àfi kó tọrọ àforíjì. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ lójú mi. Ó bẹ̀ mí nígbẹ̀yìn, ó tilẹ̀ fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu bàtà náà, inú mi sì dùn. Nígbà tí mo dé Ìkòyí, wọ́n ti ti géètì. Mo sunkún títí mo fi délé.

Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bí n kò bá ríbi wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, ìsọ̀ ni n óò jókòó sí títí wọn yóò fi wá ọkọ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣe ọkàn mi gírí. Àárín agolo mílíìkì ni mo ti ń kàwé. Bí n kò bá rí bébà, ẹ̀yìn páálí ni mo ń kọ ohun tí mo kà sí.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kejì pé, Ìyá Àgbà jí mi kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Lẹ́yìn tí a kírun tán, ó gbé abọ́ kékeré kan fún mi. Hàǹtú ni: ààfáà ti kọ àdúà sára wàláà, ó ti fi omi fọ tàdáwà rẹ̀ sínú abọ́. Mo mu ún tán, ó korò díẹ̀. Ìyá Àgbà wá fi ọwọ́ bo ẹnu mi. "O ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, títí ọwọ́ rẹ á fi kan bébà ìdánwò. Bí o bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, omi yìí ti dànù."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo ìyà! Mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà láìsọ pé iyọ̀ pọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà agboolé láìlè sọ pé ẹ káàárọ̀. Ìyá Sàúdá, alábàágbé wa, ní, "Háà! Ọmọ yìí ò tíì dé yunifásítì tó ti ń gbéra ga." Ọ̀rọ̀ náà gún mi, mo gbé e mì. Mo rìn gba Tinúbú dé Obalende, mo pa ètè dé gbọin.

Bọ́ọ̀sì Ìkòyí dé. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní, "Sísí, ṣé ẹ ń wọlé àbí ẹ fẹ́ ya fọ́tò?" Mo wọlé. Ó bi mí ní ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀, mo nawọ́ síwájú. Ó tún bi mí, mo tún nawọ́. Ìyá kan ní, "Fi í sílẹ̀, ó yadi ni. Ẹ wo ọmọ tó rẹwà." Gbogbo ọkọ̀ káàánú mi, wọ́n sún fún mi. Bí mo ṣe ń jókòó, ẹnìkan tẹ bàtà mi. Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́? Mo rẹ́rìn-ín sí i.

Mo dé kí wọ́n tó ti géètì. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọ̀gá kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ń wo káàdì. Nínú fọ́tò tèmi, irun mi wà ní gígé. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà ti di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ fún mi. Ọ̀gá náà wo fọ́tò, ó wò mí. "Kí lorúkọ ẹ?" Mo fi ìka tọ́ka sí orúkọ mi lára káàdì. Ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo mi orí. Ó ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìlà ń tẹ̀ síwájú, èmi wà lójú kan. Mo rí bébà ìdánwò lórí tábìlì nínú lọ́hùn-ún, ọwọ́ mi kò tó o. Wọ́n lu agogo. Ọ̀gá náà di ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Ẹni tí ò lè dárúkọ ara ẹ̀, orúkọ ta ló fẹ́ kọ síwèé? Máa lọ sílé."

Mo ronú kan omi ààfáà, mo ronú kan ìsọ̀ àti ọkọ tí n kò tíì rí. Ẹnu mi sì là. "Sìkírátù ni orúkọ mi, sà! Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti wá! Èmi ni mo ka ìwé tí mo fẹ́ kọ lónìí, n kò sì ní lọ sílé!" Mo sọ orúkọ bàbá mi, mo sọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ títí ọ̀gá náà fi ní, "Ó tó, ó tó, wọlé!" Omijé ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe gbé kálámù, nítorí mo gbà pé mo ti da omi mi nù. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí mo kà sí orí kò lè dànù. Mo kọ ọ́ dé ìlà tó gbẹ̀yìn.

Nígbà tí mo dé Òkè Àrin, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá Àgbà kò bínú. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé o bá ẹnikẹ́ni jà ní Obalende?" Mo ní rárá. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ààfáà ò sọ̀rọ̀ ìdákẹ́ fún mi rí. Omi ni ti ààfáà. Èmi ni mo fún ọ ní ìdákẹ́ jẹ." Mo wọlé sí yunifásítì lọ́dún náà.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yẹn, ìka ni wọ́n sì ń tẹ̀ láti fi mọ ẹni tí ọmọ jẹ́. Nígbà tí mo sin ọmọ ọmọ mi lọ ṣe tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó má sọ̀rọ̀, síbẹ̀ fóònù ti pa á lẹ́nu mọ́ láti ilé. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ lórúkọ, sọ ọ́ sókè." Bí a ṣe dé ẹnu géètì, géńdé kan tẹ bàtà mi mọ́lẹ̀, ó ń lọ bí ẹni pé orí òkúta ló gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹnu mi là. Ọmọ náà wò mí. Mo rántí ọwọ́ Ìyá Àgbà lórí ètè mi, mo pa á dé, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi wọlé.

Lẹ́yìn náà ni mo wá yíjú padà, mo ń wá géńdé náà.