Kànga Ìgbàgbé

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa pinnu láti lọ wo ilé olódi tí àwọn òyìnbó kọ́ sétí ọ̀sà l'Ágbádárìgì. Mi ò fẹ́ lọ. Ọkọ mi ló ní mo ti jókòó sójú kan jù. Kò mọ̀ pé kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú mọ́, láti ìgbà tí ọmọ wa ti gba ọ̀nà Líbíà lọ tí a ò gbúròó rẹ̀. Yorùbá ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ó ní láti jẹ́ pé ìyá ló pa òwe yẹn.

A wọ bọ́ọ̀sì ìjọ l'Ókokomáíkò, gbogbo wa nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán bí ìṣe ìjọ wa. Wọ́n ń kọrin. Èmi ń wo ojú fèrèsé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri ní ẹrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń tì mọ́bẹ̀. Nígbà tó yá, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó fi ṣe ọ́fíìsì. Ní báyìí, tíkẹ́ẹ̀tì la fi ń wọlé, wọ́n sì ń ta mínírà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ra ọ̀kan. Kò dùn, kò korò.

Ó mú wa dé ìdí kànga kan. "Ẹ̀yin màmá, omi ibí ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹni tó bá mu ún, kò ní rántí ilé mọ́."

Ìyá mi máa ń sọ pé bí ọmọ bá rìn jìnnà, kí ìyá rẹ̀ pe oríkì rẹ̀ sínú kànga, yóò rántí ilé. Kànga wà lẹ́yìnkùlé wa n'Íbà. Mi ò pe ọmọ mi sínú rẹ̀ rí. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò tíì pè é, kò tíì kọ̀ láti dá mi lóhùn.

Àmọ́ bóyá irú omi yìí lọ́mọ mi mu. Mo tẹrí ba sẹ́nu kànga náà, mo ki oríkì rẹ̀ délẹ̀. Ohùn ara mi ló padà wá bá mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn àlejò mìíràn ti na fóònù sí mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rí aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán, wọ́n rò pé eré ibẹ̀ ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè," ni afinimọ̀nà wa wí. "Fídíò mi ò tíì start. Ó sweet gan-an."

Ó yẹ kí n bínú. Inú ò bí mi. Mo tún tẹrí ba, mo pariwo pe ọmọ mi. Láti ọjọ́ tó ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èrò bá mi dúró dè é.