Yàrá Yaay Ndey Nínú Ilé tí Simbiat Rà

Obìnrin kan wà ní Banjul, Simbiat lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Abọ́ tánganran ló ń tà, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe ìlú náà ní Bathurst. Ẹ ò lè bá a níbi tó ti jókòó lásán. Bí kò bá nu abọ́, á máa to ìkòkò. Bí kò bá to ìkòkò, á máa fi èdè Wolof tó kọ́ lọ́jà bá oníbàárà jà, tí wọ́n á tún jọ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, àyágbé ni. Nígbà tó yá, onílé ní kó kó jáde, òun ti rí ẹlòmíràn. Simbiat kó ẹrù rẹ̀ sí pálọ̀ Jìbírílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì búra pé òun ò ní yá ṣọ́ọ̀bù mọ́ láyé òun. Òun á ra ti òun ni.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alhagie ń ta ilé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Jollof Town. Ilé àtijọ́ ni, ó kọjú sí títì. Oparun ni wọ́n hun bí ẹní láti fi ṣe ògiri rẹ̀, wọ́n wá fi ẹfun tí wọ́n sun láti ara ìkarahun inú omi rẹ́ ẹ. Simbiat yẹ ilé náà wò bí ẹni ń yẹ àgbò Iléyá wò. Saikou káfíńtà ló mú dání.

"Saikou, bí òjò bá rọ̀, ṣé omi máa ń sun látinú ilẹ̀ níbí?"

"Ní Banjul? Ibo ni kì í ti í sun? Gbé ilẹ̀ ga díẹ̀, á fi ẹ́ sílẹ̀."

"Ògiri yìí ńkọ́?"

"Tó bá ṣáà ti ní òrùlé lórí, á pẹ́ jù ẹ́ lọ. Tí kò bá ní, á yọ́ bí iyọ̀."

Ó béèrè bóyá ọkọ̀ akẹ́rù lè dé ẹnu ọ̀nà. Ó béèrè ibi tí gọ́tà ń gbà, ó fọwọ́ gbá òpó, ó gbóòórùn ilẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn, ìyá arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Yaay Ndey ni wọ́n ń pè é, nítorí yaay ni ìyá lẹ́nu àwọn Wolof. Opó bàbá Alhagie ni, àmọ́ òun kọ́ ló bí Alhagie. Simbiat kúnlẹ̀ kí i, ó jáde. Kò bi í ní nǹkan kan.

Kì í ṣe ìgbéraga. Nígbà tí bàbá Simbiat fúnra rẹ̀ kú, ìkòkò àti ẹní ni ìyá rẹ̀ kó jáde, ó padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tójú rẹ̀ rí nílé nìyẹn: ìyàwó kì í bá wọn pín ilé ọkọ. Ó gbà pé Alhagie á mú ìyàwó bàbá rẹ̀ sọ́dọ̀. Jìbírílù gbé obì lọ, Alhagie gba obì, ó gba owó, wọ́n ṣe àdúà.

"Olórí ẹbí ti jẹ obì," ni Jìbírílù wí. "Ó parí."

Alhagie wọkọ̀ ojú omi kọjá sí Barra lódìkejì odò, ó gba Dakar lọ.

Simbiat kó páànù tuntun jọ sí àgbàlá. Saikou àtàwọn ènìyàn rẹ̀ gun òkè, wọ́n ṣí àwọn páànù tó ti dípẹtà kúrò láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ìgbà tí oòrùn wọlé bá Yaay Ndey lórí bẹ́ẹ̀dì ni ìyá náà tó ránṣẹ́ pe ìmáàmù.

Ìmáàmù dé, kò pariwo. Ó ní, "Ìdá kan nínú mẹ́jọ ilé yìí, ti opó ni, yàrá yìí ló sì jẹ́. Ọlọ́run ló fún un, Alhagie ò lè tà á. Ẹ lè kan iwájú, ìpín Alhagie ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kan ìṣó kan sórí yàrá yìí láìjẹ́ pé Yaay gbà, dúkìá onídùúkìá ló kàn án sí."

Saikou rọra gbé òòlù sílẹ̀. Simbiat ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní wáàsí rí. Kò kàn ronú rí pé ó kan ilé ẹnikẹ́ni ni.

Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn, níbi tí òjò wọn ti ń wá. Ojú ọ̀run ibẹ̀ ṣú bí ìdí ìkòkò. Jìbírílù fa Simbiat sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kan iwájú. Fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Òjò kan, òjò méjì, ògiri yẹn á yọ́, màmá á lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin fúnra rẹ̀. Ìwọ kọ́ lo lé e."

"Bọ̀dá, ibi tó ń sùn ni."

"Ṣé pálọ̀ mi lo fẹ́ máa sùn ní tìẹ? Gbogbo ohun tó o ní ló wà lára ilé yìí."

Òótọ́ ló sọ. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni Simbiat fẹ́ fi ṣe ibi ìkẹ́rùsí, ilẹ̀kùn rẹ̀ tó yọ sí títì kejì ló sì fẹ́ to àwọn abọ́ aláràbarà sí. Láìsí i, ilé tó rà yóò kéré jù. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Yaay, ẹ dárúkọ iye tí ẹ fẹ́, màá san án."

"Mi ò tà á."

"Òjò ń bọ̀, Yaay."

"Mo mọ òjò kí wọ́n tó bí ẹ. Èmi àti ọkọ mi la jọ po ẹfun ara ògiri yìí. Ó bó mi lọ́wọ́. Alhagie ò tíì dáyé. O ti bi káfíńtà, o ti bi gọ́tà, o bi òpó. Mo jókòó síbí, mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Simbiat wo ilẹ̀. Ó rántí ẹ̀yìn ìyá tirẹ̀ pẹ̀lú ẹní lórí, níbi tó ti ń jáde lójúde bàbá rẹ̀.

"Yaay," ó ní, "ṣé ẹ gbà kí n kan òrùlé lé yín lórí?"

Ìyá náà ní, "Yàrá yìí, tèmi ni títí n ó fi kú. Lẹ́yìn mi, ó di ti Kaddy ọmọ mi. Ilẹ̀kùn tó yọ sí títì, o ò gbọdọ̀ to abọ́ kankan dí i."

"Mo gbà."

Jìbírílù pòṣé láti ẹnu ọ̀nà. "O ti ta ara ẹ."

Saikou yọjú látorí igi òrùlé. Ẹ̀kán òjò ti ń bọ́ lù ú. "Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la máa rí kàn kó tó dé. Iwájú ni àbí ẹ̀yìn?"

Simbiat wo iwájú, níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa wà. Ó wo bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀yìn," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ó ní láti tún un sọ.

Wọ́n kàn án bí ẹni tí iná ń lé. Simbiat fúnra rẹ̀ ń na páànù sókè, Yaay Ndey jókòó sísàlẹ̀, ó ń bínú sí wọn pé ìṣó yẹn wọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ti ìkẹyìn wọlé ni òjò ya lulẹ̀. Iwájú wà ní ìhòòhò. Lójú Simbiat báyìí ni ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára ògiri bí ògì, oparun yọ sóde, ògiri tó kọjú sí títì tẹ̀, ó tún tẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Simbiat ò sunkún. Ó ká ọwọ́ mọ́ra, òtútù ń mú un.

Nígbà tí òjò dá, Yaay Ndey ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó yọ sí títì.

"Títí wàá fi tún iwájú mọ, máa kó abọ́ ẹ wá síbí. Kó o máa tà á ní ojú ọ̀nà."

"Yaay, Ọlọ́run á—"

"Dúró ná. Wàá máa san owó ilé. Oṣooṣù ni."

Simbiat, ẹni tó búra pé òun ò ní yá ṣọ́ọ̀bù mọ́ láyé òun, wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jìbírílù ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó wọ inú omi títì, ó ń lọ gbé ẹrù abọ́ wá láti pálọ̀ rẹ̀.