Èdè tí Àbúrò Mi Gbà

Ọ̀fìnkìn lásán ni. Àbúrò mi ọkùnrin ń sín, ó ń wúkọ́, ikun ń dà nímú rẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Festac, ọmọ ta ni ọ̀fìnkìn kì í mú lásìkò ọyẹ́? Màmá mi fi ìpara pa á láyà. Nígbà tí imú rẹ̀ gbẹ, a ní ara rẹ̀ ti yá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa nítòsí Apple Junction bẹ́ẹ̀ náà. Láàárín àdúrà, ó gbórí kúrò léjìká màmá mi, ó tẹjú mọ́ àjà, ó sì ń sọ ohun tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe Òyìnbó. Pásítọ̀ gbé máìkì sí i lẹ́nu, ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ti bà lé ọmọdé. Ọjọ́ pẹ́ tí màmá mi ti ń gbààwẹ̀ torí èdè àjèjì, kò rí i gbà rí. Ló bá bú sẹ́kún ayọ̀, ó ń ṣe àmín. Èmi ń jowú ní tèmi. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn. Ìgbà tí ojú rẹ̀ yí, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n tó sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà ní ọ̀fìnkìn yẹn ló fa á, pé ọpọlọ ọmọ náà ti wú. Ó béèrè ìgbà tó ti ń sọ ìsọkúsọ. Màmá mi náà bi í léèrè bóyá ọmọ òun á tún sọ̀rọ̀.

A dúpẹ́, ẹ̀mí ò bọ́. Ọ̀rọ̀ ni kò padà. Ó ti di géńdé báyìí, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀, ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn náà ló sì ń sọ. Bó bá ti inú yàrá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù máa ń bà mí, ẹ̀rù àbúrò tí mo pọ̀n dàgbà.

Màmá mi ò dé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ohùn náà níbi tó ti ń rokà, á dáwọ́ dúró, á ní, "Àmín."

Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo bi màmá mi pé kí ló dé tó ṣì ń ṣe àmín sí i.

Kò wo ojú mi. "Kí lo fẹ́ kí n wí? Ṣé kí n dákẹ́, kí ọmọ mi rò pé mi ò gbọ́ òun ni?"