Ìsinmi Alájì Aláwọ Láàrin Òkè Àjàrà

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí mo bá sọ fún yín pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà tó ń fi awọ ewúrẹ́ ṣòwò ní Sókótó, tó jẹ́ pé fún ọgbọ̀n ọdún gbáko kò mọ ibì kankan ju ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ilé lọ, àfi Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́jọ́ kan pé òun ń lọ sinmi létí odò kan ní ìlú Jámánì, níbi tí wọ́n ti gbin àjàrà bo òkè mọ́lẹ̀, ẹ ó ní, "Arákùnrin yìí tún ti bẹ̀rẹ̀." Mi ò ní bá yín jà. Èmi náà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú mi, tí ọwọ́ mi sì wà nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo ṣì máa ń ṣiyèméjì nígbà mìíràn.

Ọdún tí àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Agùnbánirọ̀ ni mí, wọ́n fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Ẹ fojú inú wo ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò kọjá Ìbàdàn rí kí ọkọ̀ tó gbé e wá sí Sókótó, tó wá dúró níwájú kíláàsì, tó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí Yúróòpù lára máàpù bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Kò sí odò òyìnbó tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Odò Sókótó tó wà nítòsí wa ni mi ò tíì ráyè lọ wò.

Yàrá kan nínú ilé Alájì Aláwọ ní àdúgbò Kofar Marke ni mo gbà. Bàbá náà ga, wọ́n tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n èyí tó bá jáde níbẹ̀ máa ń ta bí ata. Wọ́n gbọ́ kéwú dénú, wọ́n tilẹ̀ lè fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá sílẹ̀, ṣùgbọ́n A, B, D ò bá wọn ṣọ̀rẹ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹni tó ń ka lẹ́tà fún wọn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Jámánì, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọdún keje rèé tí wọn ò fojú kan ara wọn. Láàrin ọdún méje yẹn ni ìyá ọmọ náà kú. Inú lẹ́tà ni ọmọ ti gbọ́, inú lẹ́tà ló sì ti sunkún. Ní ọjà, bí wọ́n bá bèèrè ọmọ lọ́wọ́ Alájì, wọ́n á ní, "Ó ń bọ̀." Àwọn ará ọjà tó ti máa ń fi ìdáhùn yẹn rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àárín ọyẹ́ ni àpòòwé ńlá kan dé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, a jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi dongoyárò tó wà nínú ọgbà. Ètè wa ti sán, eruku ti bo orí ewé, ìyẹ̀fun ni ọ̀run pàápàá jọ. Mo tú àpòòwé náà: lẹ́tà, ìwé àwòrán kan, àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Ọmọ náà ti ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó tó rí i rà.

"'Bàbá mi, ẹ wá sinmi,'" ni mo kà.

Alájì gbójú sókè. "Sinmi? Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?"

"Họlidé ni wọ́n ń pè é, Bàbá. Àwọn òyìnbó máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á lọ jókòó síbì kan."

"Wọ́n á jókòó síbẹ̀ ṣe kí ni?"

"Wọ́n á máa wo odò."

"Ṣé odò náà fẹ́ sá lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń ka ìyókù lọ. Ọmọ náà mọ bàbá rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹni tó ń tajà ò ní dìde láìsí ìdí, ó sì to ìdí kalẹ̀. Ó ní odò náà, Mọ́sẹ́lì lorúkọ rẹ̀, ń rìn bí arúgbó tí kò ní ibi tó ń kánjú lọ: á yí sápá ọ̀tún, á yí sápá òsì, á tún padà wá wo ibi tó ti kúrò. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀ rọra ń lọ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè kí ará ilé kan láti inú ọkọ̀ kó sì gbọ́ ìdáhùn kó tó kọjá. Ó ní wọ́n kan àga sí etí odò fún àwọn àgbà, kò sì sí ẹni tó máa bi yín pé kí lẹ wá ṣe. Ó ní òkè ibẹ̀ dúró bí ògiri, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbin àjàrà sí, tí àwọn kan ń fi okùn so ara wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè ro ó. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù, èmi tíṣà jọ́gíráfì, ni pé òkúta pẹlẹbẹ dúdú ni ilẹ̀ òkè náà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síléètì ọmọ ilé ìwé. Á mu oòrùn sára lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ á máa tú ooru náà sílẹ̀ fún gbòǹgbò àjàrà, bí ìyá tó fi aṣọ bo ọmọ.

Alájì ní kí n tún ibẹ̀ yẹn kà. Mo tún un kà. Wọ́n ṣí ìwé àwòrán náà fúnra wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí àwọ̀ ewé rí, ilé wa kì í ṣe aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù mélòó kan ni ojú mi ti ń jẹ eruku, tí ewé yẹn wá dé lójijì, ewé lórí ewé láti etí omi dé ọ̀run, ilé àwọn ọba àtijọ́ tó ti wó lórí òkè, ìkùukùu funfun tó sùn sórí odò. Ẹnu mi là, mi ò rántí pa á dé. Alájì fi ìka kan odò náà, wọ́n wá gbé ìka wò bí ẹni pé ó lè ti tutù.

"Ikon Allah," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Agbára Ọlọ́run rèé. Wọ́n ní láti kékeré nílé kéwú ni àwọn ti ń gbọ́ nípa ọgbà, odò àti àjàrà, àwọn ò rò pé aláàyè lè fojú rí ohun tó jọ ọ́. Wọ́n bi mí pé, "Tíṣà, kí ni wọ́n ń fi gbogbo àjàrà yìí ṣe?"

Ìdáhùn náà wà ní ojú ewé kejì tó wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà kọ ọ́ gbangba: "Bàbá, wáìnì ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọtí ni gbogbo abúlé ibí ń pọn. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mo fi pamọ́ fún yín. Mi ò mu ún rí. Bí ẹ bá ní ẹ ò lè wá nítorí rẹ̀, mo máa gbà bẹ́ẹ̀." Mo wo ojú Alájì. Ọdún méje ti sọ̀ kúrò lójú yẹn. Mo bá fo ibẹ̀.

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, Bàbá," ni mo wí. "Wọ́n sì ń tà á."

Mo rò pé oore ni mo ṣe. Ọmọdé gbọ́n, ó ní òun gbọ́n ju ẹni tó kọ lẹ́tà àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Alájì ò lè pa á mọ́ra. Wọ́n sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn oníṣòwò Yorùbá bíi mẹ́fà bá wọn wálé wá wo àwòrán náà. Bàbá Onítánganran, ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta abọ́ tánganran, wà lára wọn. Ará Ìlọrin ni, ẹnu wọn dùn ju iyọ̀ lọ, wọ́n sì ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí.

"Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété," ni wọ́n wí, tí wọ́n ń nu gíláàsì ojú wọn, "ìwọ tí o ò sinmi nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀. Tíṣà, ka lẹ́tà náà ká gbọ́. Tó o bá parí, gbé e fún mi kí n fojú ara mi rí i."

"Kà á fún wọn," ni Alájì wí, inú wọn ń dùn. "Má fo ìkankan."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ka odò, mo ka àga, mo ka òkúta. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Kí n má tún purọ́ fún ẹ̀yin náà: bí kì í bá ṣe ti gíláàsì yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó ti sọ pé "kí ẹ má baà rò pé mo fi pamọ́," mo rí i pé ọmọ tó wà lókèèrè ò fi nǹkan kan pamọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni tó fi í pamọ́. Mo kà á tán láìgbé orí sókè.

"Ọtí!" Bàbá Onítánganran pàtẹ́wọ́. "Wallahi, Alájì ń lọ họlidé nílé ọlọ́tí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú fúnra rẹ̀, nítorí Alájì ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ẹní ni Alájì ń wò. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dá a padà, ọdún méje máa di mẹ́wàá, èmi ni mo sì fà á.

Alájì yíjú sí ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ní, "Onítánganran, awọ tí mo tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ni wọ́n máa fi ṣe?"

"Bàtà ni o."

"Ẹsẹ̀ ta ló máa wọ̀ ọ́? Ibo ló máa bá a lọ?"

"Ta ló mọ̀?"

"Tó bá bá a dé ilé ọtí, ṣé èmi ni mo mutí?" Wọ́n mú tíkẹ́ẹ̀tì náà nílẹ̀. "Ọmọ tó ń gbé àárín ọtí tí kò mu ún, tó tún fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní lọ wò?"

Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n fi sápò. Wọn ò bú mi. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú mi. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Wọ́n lọ ní tòótọ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí àjàrà ibẹ̀ ti pọ́n. Káàdì kan dé sí mi láti ibẹ̀, odò náà wà lójú rẹ̀, lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, ó sì ń wọ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn: "ÀJÀRÀ RÈÉ. MO JẸ Ẹ́. Ó DÙN. ODÒ NÁÀ Ò SÁ LỌ." Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Mo ti darúgbó díẹ̀, mo ti wo odò díẹ̀, mi ò tíì dé ti ibẹ̀ yẹn. Bí ẹnì kan bá bi mí ìdí tó fi yẹ kéèyàn lọ, mo lè to ìdí mẹ́wàá kalẹ̀ bí ọmọ yẹn ti ṣe, ṣùgbọ́n ìdí kan ṣoṣo ló gbé bàbá yẹn dé ibẹ̀, èmi ni mo sì fò ó.

Ẹ ó bi mí pé ta ló bá wọn kọ káàdì náà. Àwọn fúnra wọn ni. Nítorí láàárọ̀ ọjọ́ kejì Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi jáde nílé ni. Mo ṣílẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀. Alájì dúró síbẹ̀, síléètì ọmọ aládùúgbò kan wà lábíyá wọn, ẹfun ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ wọn.

"Tíṣà, òkúta orí òkè yẹn, ṣé òun ni wọ́n fi ń ṣe èyí lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O ò fi kún un, o ò yọ níbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá."

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí ẹní mi, wọ́n sì gbé síléètì náà lé orókún.

"Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ láti A. Má fo ìkankan."