Èékánná Ọwọ́ Ọ̀tún àti Ìfun Àgbò

Ìyá tó bí mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ní, "Ọkọ mi, má bínú, gbé oúnjẹ tìẹ lọ sẹ́yìn ilé. Ọwọ́ rẹ ń rí mi lára."

Mi ò ládẹ́tẹ̀, mi ò sì ní ìfọ́n. Èékánná mẹ́rin péré ni mo dá sí: ti àtàǹpàkò, ti ìfábẹ̀lá, ti ìka àárín àti ti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì dá a sí. Ní Ìlọrin tí a ti ń fi ọ̀tún jẹun, tí a ń fi òsì ṣe èyí tí ò ṣeé sọ! Ká ní òsì ni, wọn ì bá kàn ní orí mi dàrú. Ẹ wo abẹ́ èékánná yẹn lẹ́yìn oúnjẹ: ọbẹ̀ kúkà tó ti gbẹ, tùwó tó ti kan, eruku, àti òrí tí mo fi ń pa wọ́n kí wọ́n má baà sán. Èmi gan-an, tí mo bá gbé e súnmọ́ imú, mo máa ń yíjú kúrò. Lẹ́yìn náà màá tún gbé e padà wá síbi imú, kí n tún gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Gìtá ló fà á.

Gàmbàrí ni ilé wa. Kánò ni baba bàbá mi ti wá, gbànja sì ni bàbá mi ń tà. Èmi ò ta nǹkan kan. Mo ti sá nílé kéwú kí n tó mọ súrà mẹ́wàá. Ọjọ́ tí mo lọ, àáfà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo fetí ara mi gbọ́ ọ. Wọ́n fi mí sílé ìwé òyìnbó, mo lo oṣù mẹ́rin, mo kó jáde. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ, mo já òwú ẹ̀ títí tó fi ní kí n máa lọ ní àlàáfíà. Ni bàbá mi bá pè mí.

"Kí Iléyá tó dé, wáṣẹ́. Bí o ò bá ríṣẹ́, oko àbúrò mi lò ń lọ. Àgùntàn ni wàá máa dà."

"Bàbá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń da àgùntàn."

"Àgùntàn mọ̀ ọ́n. Ìwọ ṣáà máa tẹ̀ lé wọn."

Ẹ̀rù oko yẹn bà mí ju ẹ̀rù ẹgba lọ. Ara àbúrò bàbá mi yìí, bí ara ẹran ọ̀sìn ẹ̀ ṣe ń rùn ló ń rùn, inú kòtò kan náà ni òun àti àwọn ẹran náà ti ń mu omi. Mo ní kàkà kí n lọ síbẹ̀, kí n dalágbe.

Ìgbà yẹn ni rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ọ̀lẹ ìlú ló máa ń lọ sí sítéṣọ̀n lọ wòran. Èmi ni mo ṣáájú wọn. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó ń kọ ẹrù sílẹ̀, Àgùdà ará Èkó. Bùràsíìlì ni wọ́n kó bàbá ẹ̀ lẹ́rú lọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ gìtá kó tó padà wálé. Bí ọkọ̀ ọ̀sán bá ti lọ, akọ̀wé yìí á gbé àga síta, á gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré kan, á gbé gìtá lé itan, á gbá a mọ́ ikùn bí ẹni gbá ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá. Ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, á fi gún ojú pákó gìtá, kò ní gbé e kúrò mọ́. Ó ti pẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ti jin kòtò, ó sì ti dúdú fún òógùn. Ìka yòókù ló ń ṣiṣẹ́.

Bó ṣe ń ta á gan-an ló kó mi nírìíra. Bó bá fẹ́ ti ohùn kan bọ́ sórí òmíràn, kì í gbé ìka. Ńṣe ló máa wọ́ ọ lórí okùn, ohùn náà á máa sunkún gòkè lọ. Bó bá wá débi tó dùn mọ́ ọn, á dúró. Á di ojú. Ètè ẹ̀ á yọ síta, itọ́ á máa dán níbẹ̀. Gbogbo wa á dúró, à ń retí, kó tó wá rọra já ohùn tó kù sílẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá ń pọ oúnjẹ. Mo rò pé inú ló ń run ún.

Ó rí ojú mi. Ó ní, "Ìwọ tí o ń fajú ro yìí, bí àwọn àgbà ṣe ń ta á nìyí. Wọ́n ń jẹ́ kó mí. Àwọn ọmọ ìsìnyí, bí ẹni tí ajá ń lé ni wọ́n ń ta á."

Mo délé, mo fi bó ṣe ń ṣe ṣẹ̀fẹ̀ fáwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ kọ́ mi."

Ó ní kí n mú ọwọ́ wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ó ní oríṣi méjì ni àwọn tó ń ta gìtá. Àwọn kan ń fi ẹran ìka ta á, ohùn á sanra, á rọ̀. Àwọn kan ń fi èékánná, ohùn á mọ́ bí fàdákà. "Bàbá mi, ẹran ìka ló fi ta á títí ó fi kú. Èmi, èékánná ni. Dá èékánná sí."

Ó tún ní wọ́n máa gbé òun lọ sí sítéṣọ̀n Jẹ́bà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. "Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn kí n tó lọ, bí o bá ta orin kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin fún mi, màá mú ẹ dání. Ọ̀dọ̀ mi ni wàá máa gbé, màá sì bá ẹ wá nǹkan ṣe ní sítéṣọ̀n. Bí o ò bá lè ta á, má sunkún sí mi lára."

Jẹ́bà tàbí àgùntàn. Mo dá èékánná sí.

Bàbá mi ò tètè rí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a kírun Màǹgàríbà tán, òun, èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi yí àwo kan ká. Mo bu òkèlè, mo ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀. Bí mo ṣe ń fà á jáde, kúkà ń fà láti èékánná mi bí ikun imú.

Bàbá mi dá òkèlè tiẹ̀ dúró. "Kí nìyẹn?"

"Èékánná ni, Bàbá."

"Mo rí i pé èékánná ni. Ti àṣá àbí tìẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní, "Bàbá, ó ní òun fẹ́ máa fi ta igi olófìfo kan ní sítéṣọ̀n."

"Sùbúhánálàhí! Gbogbo Jímọ̀ ni Mùsùlùmí ń gé èékánná, ìwọ ń fi tìẹ sin kòkòrò! Omi àlùwàlá ń wọ abẹ́ nǹkan yẹn?"

Mo ní ó ń wọ̀ ọ́. Mo gbé e sókè kó lè rí i. Ẹyọ ilá àná kan já bọ́ láti abẹ́ rẹ̀ sínú àwo. Ẹ̀gbọ́n mi kejì dìde, ó sáré jáde, a sì gbọ́ ohun tó lọ ṣe níta. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dá jẹun lẹ́yìn ilé pẹ̀lú adìyẹ. Adìyẹ náà ò fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́ mi.

Mo fi ara dà á, torí orin náà ti ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Jímọ̀ yẹn pé, akọ̀wé ní iṣẹ́ gbé òun lọ sí Ọ̀fà, òun á sùn síbẹ̀. Ó gbé gìtá ẹ̀ fún mi, ẹyọ kan tó ní, kí n máa fi kọ́. Mo gbé e wálé. Mo jẹun tán, mi ò fọwọ́ dáadáa (mo purọ́, mi ò fọwọ́ rárá), mo ta á títí ilẹ̀ fi ṣú, mo fi í ti ògiri. Nígbà tí mo jí, eku ti jẹ mẹ́ta nínú okùn ẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó nípọn, tó jẹ́ ṣẹ́dà tí wọ́n fi wáyà wé, wọn ò fẹnu kàn wọ́n. Àwọn mẹ́ta tó tín-ín-rín, tó ń sọ̀rọ̀ jù, ó ku àjákù lásán.

Akọ̀wé padà dé, ó mú àjákù kan, ó gbé e síbi imú.

"Kí lo fi pa okùn yìí?"

"Mi ò fi nǹkan kan pa á, ọ̀gá."

"Ọbẹ̀ ni! Ìwọ ẹlẹ́gbin yìí, ọbẹ̀ lo fi pa á! O se é fún wọn tán, o wá gbé e kalẹ̀!" Ó jókòó gbì. "Mi ò ní òmíràn. Bí mo bá kọ̀wé sí Èkó lónìí, ó di oṣù méjì. Lọ wá okùn fún mi kó tó di Jímọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má débí mọ́."

"Ọ̀gá, kí ni wọ́n fi ń ṣe é?"

"Ìfun àgùntàn."

Mo wo ìka mi. Mo rántí iye ìgbà tí mo ti fi itọ́ tutù sí ìka kí n tó fi kan okùn yẹn, kí n tún fi kan ahọ́n. Mo fa etí aṣọ, mo fi nu ahọ́n. Èmi tó jẹ́ pé ìfun ni mo máa ń ṣà jẹ nínú ọbẹ̀!

Mo gba ọjà Ìpàta lọ, ọ̀dọ̀ àwọn alápatà. Bàbá arúgbó kan níbẹ̀ bi mí pé ìfun kí ni mo fẹ́, mo ní ti orin. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ọmọ Gàmbàrí, ṣé o fẹ́ kó máa kọrin nínú ìkòkò ni?"

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn tó ń ta mólò, gìtá àwa Gàmbàrí, máa ń wá gbà á lọ́wọ́ òun. Ó fa ìfun àgbò kan yọ, ó ṣì ń gbóná, ó gùn bí ẹ̀sẹ̀ tí kò ní ìdáríjì. Ó ní kí n tẹ ìgbẹ́ inú ẹ̀ jáde, kí n rẹ ẹ́ sómi eérú, kí n fá ọ̀rá àti ẹran ara ẹ̀ kúrò títí tó fi máa mọ́lẹ̀ kedere, kí n lọ́ ọ, kí n nà án sáàárín òpó méjì títí á fi gbẹ. Kí n gé e sí fọ́nrán: fọ́nrán kan fún okùn tó tín-ín-rín jù, méjì fún ìkejì, mẹ́ta fún ìkẹta.

Ó sọ gbogbo ẹ̀ wẹ́rẹ́ báyẹn. Kò sọ fún mi pé tí mo bá tẹ̀ ẹ́ níbí, ó máa tú jáde lọ́hùn-ún, sí mi láyà. Kò sọ̀rọ̀ eṣinṣin. Mo jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú korobá kan, mò ń fá, mò ń bì. Omi eérú yẹn jẹ èékánná mi títí wọ́n fi rọ̀ bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n sè. Ti àtàǹpàkò kọ́kọ́ ṣẹ́. Ti ìfábẹ̀lá là sí méjì, ìfun kọ́ ọ, mo fà á, ó ya dé ibi ẹran. Mo ké. Ìyá mi na ọrùn láti ojú fèrèsé.

"Ọkọ mi, ṣé òkú lo sin síbẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́?" Ó ti fèrèsé.

Mo fi abẹ gé ìyókù. Oṣù mẹ́ta ìyà, ó bọ́ sínú eérú.

Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ́ rà. Ìkejì gbẹ tán, mo fà á, ó já, ó nà mí lójú. Ọjọ́ Àlàrùba ni mo tó lọ́ èyí tó dúró. Bàbá mi rí ọwọ́ mi lọ́jọ́ Àlàmísì, ojú ẹ̀ là. "Àlùhámúdùlílàhí! O ti gé e. Wá jókòó, wá bá wa jẹun." Mo jókòó, inú mi dùn, mo na ọwọ́ sí àwo. Òórùn ìfun kún ibẹ̀. Bàbá mi fa àwo sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kejì fi aṣọ di imú, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dá èékánná yẹn sí padà."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gbé okùn lọ. Akọ̀wé so ó, ó kàn ń mí láti ẹnu. Ó gbé gìtá fún mi. Mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, mo fi ìka kékeré gún ojú pákó, mo bẹ̀rẹ̀. Kò sí èékánná, ẹran ìka lásán ni. Ohùn àkọ́kọ́ bọ́ pọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ tó dànù. Mò ń bá a lọ, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Mo débi tí mo ti gbọ́dọ̀ wọ́ ìka gòkè, okùn ké bí eku tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tó yẹ kí n dúró kí orin mí, mo dúró, mo sì gbàgbé ohun tó kù. Ó tán nínú orí mi pátápátá. Mo kàn di ojú bíi tiẹ̀, bóyá á rò pé orin ló gùn mí.

"Ṣé o ti sùn ni?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ó ti bọ́ lórí mi." Mo ti ń rí àgùntàn, mo ti ń rí kòtò omi wọn.

Ó na ọwọ́ gba gìtá. Ó ta okùn kìíní, ẹyọ kan. Ó wọ́ ìka ẹ̀ gòkè, ó fi ìka náà gbọ̀n níbẹ̀, ó tún wọ́ ọ wálẹ̀. Ó ta á kíkankíkan pẹ̀lú èékánná. Ó tún ta á. Okùn ò tú, ohùn ò yẹ̀.

"Ta ló lọ́ eléyìí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Pẹ̀lú ọwọ́ yìí?" Ó gbé imú sún mọ́ okùn, ojú ẹ̀ hunjọ bí ẹni mu àgbo. "Orin rẹ burú. Bí bàbá mi bá wà láyé, àpótí ẹsẹ̀ yìí ló máa là mọ́ ẹ lórí. O ò lè ta gìtá láéláé, má jẹ́ kẹ́nì kan tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ti Èkó wá, ìdajì ẹ̀ ti máa ń rà kó tó dọ́wọ́ mi. Ṣé o lè lọ́ mẹ́fà lóṣù?"

Gbogbo ara mi ní rárá. Ẹnu mi ní, "Mo lè lọ́ ọ, ọ̀gá."

"Di ẹrù ẹ."

Mo délé, mo sọ fún bàbá mi pé mo ti ríṣẹ́ ní rélùwéè. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo, mo ní iṣẹ́ okùn. Ó ṣàdúà fún mi, ó dúró jìnnà díẹ̀ ṣe é.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, akọ̀wé wọ aṣọ funfun, ó gbé gìtá sẹ́sẹ̀. Èmi gbé korobá, torí ìfun tuntun wà nínú ẹ̀ tí ò gbọdọ̀ gbẹ, mo fi ewé bò ó. Ọkọ̀ ò tíì kúrò níbi tí a wà tí àwọn èrò fi ń wo abẹ́ bàtà ara wọn. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ mi, ó fa imú.

"Kí ló wà nínú korobá yẹn? Ta lo bá wá?"

Mo nàka sí ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ti yíjú sí fèrèsé, ó ń wo pápá bí ẹni tí kò rí mi rí láyé ẹ̀.