Ìlà Tó Sọnù Nínú Àpótí Àńtí Bọ́bìnì

Wọ́n ní Àńtí Bọ́bìnì ti ra àpótí kan tó ń fi ẹ̀mí èèyàn hàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Onídìrí tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sọ ọ́, ẹni tó bá sì mọ onídìrí yẹn mọ̀ pé kì í parọ́. Ó kàn máa ń fi díẹ̀ kún òótọ́ kó lè kún orí dáadáa. Ó ní òun di ẹnu okùn dúdú kan mú lára àpótí náà, ni ẹ̀mí òun bá yọ lójú gíláàsì, ó ń jó, ó rí tín-ín-rín, ó sì ní àwọ̀ ewé. "Ẹ̀mí mi tín-ín-rín ju bí mo ṣe rò lọ," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ti ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí àpótí má baà rí tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí.

Aránṣọ ni Àńtí Bọ́bìnì. Kì í ṣe torí pé ó rí róbótó ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tín-ín-rín náà. Bọ́bìnì, irin róbótó tí wọ́n ń ká òwú sí nínú máṣíìnì, kì í wọ́n lápò rẹ̀ ni. Ó ti fi ọ̀kan san owó ọkọ̀ rí láìmọ̀, awakọ̀ náà sì gbà á, ó ní kó má ṣèyọnu, òun ò ní ṣéńjì.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá ṣì le, bó bá tẹ máṣíìnì, aṣọ á máa ṣàn jáde lẹ́yìn abẹ́rẹ́ bí omi. Àìsàn kan wá dé, ó mú ẹsẹ̀ lọ, ó fi ọwọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ẹnu ránṣọ.

"Etí aṣọ yẹn wọ́."

"Mo ti rí i, ìyá."

"O ò rí i. Bí o bá rí i ni, kò ní wọ́."

Ohun tó sọ aránṣọ di akẹ́kọ̀ọ́ iná nìyẹn. Ó fẹ́ ṣe máṣíìnì tí ìyá á máa fi ọwọ́ darí: mọ́tọ̀ kékeré tó ń lo bátìrì alùpùpù, àti kókó kan téèyàn á máa fi ìka yí, kó yára tàbí kó rọra. Ó wo fídíò lórí fóònù, ó jó òjé tí wọ́n fi ń lẹ wáyà pọ̀, ó jó ìka, ó jó aṣọ orí tábìlì. Nígbà tó parí, mọ́tọ̀ náà yí lóòótọ́, àmọ́ ó ń ta bí ewúrẹ́ tó já okùn. Abẹ́rẹ́ á rán díẹ̀, á dákú, á tún ta gìrì. Ìgbà kan ṣoṣo tí ìyá dán an wò, díẹ̀ ló kù kó gún un. Ó rọra ká ọwọ́ rẹ̀ lé itan.

"Ó ti tó, ọmọ mi. Jẹ́ kí n máa wo tìẹ."

Gbólóhùn yẹn ta á ju iná tó jó o níka lọ.

Bí aṣọ bá ya, wàá gbé e sókè, wàá wo ibi tó ti ya. Ta ló fẹ́ gbé iná sókè? Àfi ẹni tó bá ní ojú tó ń rí i. Ibi tó ti ń béèrè kiri ló ti gbọ́ nípa Bàbá Wáyà, àgbàlagbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún rédíò ṣe. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó sì ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní àlòkù ọsilosikóòpù kan, àpótí tó ń ya àwòrán iná bí iná náà ṣe ń lọ.

Nígbà tó dé ibẹ̀, àwọn rédíò tí kò lẹ́yìn mọ́ kún ilẹ̀, oní-irin-àlòkù kan sì jókòó sórí ọmọlanke rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ohun tó bá ṣẹ́kù.

"Ẹ káàsán, bàbá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ìwọ lo fẹ́ ra ojú mi?"

"Èmi ni, bàbá. Bó bá ṣì ń ríran."

"Àńtí, ẹ ṣe kíá," ni oní-irin-àlòkù wí. "Bàbà tó wà nínú àpótí yẹn ti ń pe orúkọ mi."

Bàbá Wáyà ṣí aṣọ kúrò lórí àpótí náà. Ó wúwo, ó ní ojú gíláàsì tí wọ́n fa ìlà sí bí ìwé ìṣirò, àwọn kókó sì kún iwájú rẹ̀ bíi bọ́tìnì lára aṣọ ológun. Bàbá tàn án. Kí aránṣọ tó rí ohunkóhun, bàbá nawọ́, ó sì yí gbogbo kókó náà gbirigbiri, bí ọmọdé tó rí ìkòkò láìrí ìyá rẹ̀.

"Háà, bàbá! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Bí mo ṣe ń tà á nìyẹn. Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú rẹ̀. Mo ti tà á fún ẹnì kan rí. Ó gbé e padà lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ti kú. Kò kú. Òun ló gbé ìlà sọnù. Bí o bá rí i fúnra rẹ, tìrẹ ni. Bí o ò bá rí i, ọmọlanke ọ̀rẹ́ wa ń dúró."

Aránṣọ wo gíláàsì. Ó dúdú bí ìsàlẹ̀ kànga. Ó yí kókó kan, kò sí nǹkan. Ó yí òmíràn. Ọwọ́ ìyá tó ká lórí itan ló ń rí. Ó wá yí kókó ìmọ́lẹ̀ dé òpin, bí ó ti ń ṣe sí máṣíìnì rẹ̀ bó bá ya ọ̀lẹ.

"Rọra!" ni bàbá ké. "Wàá jó gíláàsì! Ẹni tó fi sùúrù pa èèrà ló rí ìfun rẹ̀."

Bó ṣe fẹ́ yí i padà, ó rí i pé etí òkè gíláàsì ń ràn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bí iná tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó dúró. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí ojú rírán bá sọnù lórí aṣọ, kì í ṣe pé òwú tán. Aṣọ ló yẹ̀ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ìlà náà wà," ló wí jẹ́ẹ́. "Ìta aṣọ ló wà."

Ó wá kókó tí wọ́n ya ọfà sókè àti ọfà sílẹ̀ sí, ó sì rọra yí i. Ìlà náà sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́ gbọọrọ láti etí dé etí, ó mọ́, kò gbọ̀n, bí òwú tuntun tẹ́nì kan nà sínú òkùnkùn. Oní-irin-àlòkù dìde lórí ọmọlanke rẹ̀, kò mọ ìgbà tó dìde.

"Fi ìkọ́ ẹnu okùn dúdú yẹn kọ́ etí irin kékeré iwájú yẹn, iná ìdánwò ń tibẹ̀ jáde," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ó kọ́ ọ. Ìlà náà fọ́ yángá, ó ń sáré. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kókó kan, gbogbo rẹ̀ sì dúró gbagidi: òkè, ilẹ̀, òkè, ilẹ̀, ojú rírán tó dọ́gba ju èyí tí aránṣọ ti rán rí lọ, tí ìmọ́lẹ̀ ń rán láìsí abẹ́rẹ́, láìsí aṣọ.

"Ṣé ó tọ́?" ni bàbá béèrè, ó na ọrùn. "Mi ò rí i dáadáa mọ́."

"Ó tọ́, bàbá. Kò wọ́ rárá."

Oní-irin-àlòkù ló fi ọmọlanke rẹ̀ tì í délé fún un. Kò gbowó, ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun tún un wò lẹ́ẹ̀kan.

Nílé, aránṣọ kọ́ ìkọ́ náà mọ́ ẹ̀rọ tó ṣe. Ojú rírán tún jáde lórí gíláàsì, àmọ́ nígbàkigbà tí mọ́tọ̀ bá ta gìrì, díẹ̀ á fò nínú wọn.

"Ó ń fo!" ni ìyá ké láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹni tó ti fi ojú bá aṣọ gbé látìgbà èwe kò nílò àlàyé.

Aránṣọ ń sún ìkọ́ náà sẹ́yìn láti ojú ìsopọ̀ kan dé òmíràn, títí ó fi dé ibi tí kò fo mọ́. Láàárín ibi tó ń fo àti ibi tí kò fo, òjé kan wà tó ti sán, sísán rẹ̀ kò tó fọ́nrán irun. Ó tún un jó. Ó gbé ìka ìyá lé kókó. Ìyá yí i díẹ̀, abẹ́rẹ́ rìn. Ó tún yí i. Abẹ́rẹ́ sáré, aṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó ń ṣàn títí aṣọ fi tán.

"Wo etí ẹ̀," ni ìyá wí, ojú rẹ̀ kún fómi. "Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní gígún."

Ìró máṣíìnì yẹn ló fa onídìrí wọlé. Ó kí ìyá, ó yọ̀ mọ́ ọn, ó sì di ìkọ́ ẹnu okùn dúdú náà mú, ohun tí wọn ò ní kó fọwọ́ kàn. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ńlá kan dìde lójú gíláàsì. Onídìrí pariwo, ó ju ìkọ́ náà nù, ó sá jáde, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ títí di bí a ti ń wí yìí.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí, ó wá mú ìkọ́ náà, ó fi kọ́ garawa omi onírin tó wà lórí àga igi. Iná inú wáyà ara ògiri máa ń hàn lára ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀: ìgbì garawa náà ń jó lójú gíláàsì bíi ti onídìrí, bẹ́ẹ̀ garawa ò ní ẹ̀mí.